Àwọn tó la ọ̀nà ìlera gbogbo ènìyàn, àti ìwádìí ìṣègùn òde òní: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń gbé wá ṣáá, ìdí nìyí tí a fi kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣíwájú, èyí tó ta kókó wà nísàlẹ̀.

Kí là ń pè ní ìlera gbogbo ènìyàn? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ dókítà náà ni?

Dókítà ń tọ́jú ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera gbogbo ènìyàn ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le, tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ onítọ̀hún. Omi tó mọ́, ṣalángá tó jìnnà sí kànga, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú: ibẹ̀ niṣẹ́ wọn wà. Igi gańgań-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ohun tó mú iṣẹ́ náà nira ni pé tó bá yọrí, ojú kò ní rí i. Ẹni tí kọ́lẹ́rà kò mú kì í wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe àjẹsára?

Orúkọ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ nílé ìwé ni ti Edward Jenner, dókítà ìgbèríko kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń fún wàrà ládùúgbò rẹ̀ máa ń sọ pé ẹni tó bá ti kó ìgbóná màlúù rí kì í kó ìgbóná èèyàn mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1796, Jenner mú oje eéwo láti ọwọ́ Sarah Nelmes tó ń fún wàrà, ó sì fi sín gbẹ́rẹ́ sápá James Phipps, ọmọ ọdún 8 tí bàbá rẹ̀ ń bá a tọ́jú ọgbà. Ní oṣù Keje, ó fi oje ìgbóná gidi sín ọmọ náà ní gbẹ́rẹ́. Kò mú un. Ọdún 1798 ló tẹ ìwé rẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n Jenner kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Benjamin Jesty ti ṣe irú ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjì lọ́dún 1774. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Kí Jesty náà tó dáyé, àwọn èèyàn Ṣáínà, Íńdíà àti Áfíríkà ti ń mú díẹ̀ lára oje ìgbóná èèyàn fúnra rẹ̀ fi sín gbẹ́rẹ́, kí ó lè mú ẹni náà díẹ̀ kó sì lọ.

Ọ̀nà yìí ló dé Boston lọ́dún 1721. Ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọ̀gá rẹ̀ sọ ní Onesimus, ti sọ fún ọ̀gá náà, pásítọ̀ Cotton Mather, pé wọ́n ti ṣe é fún òun nílé. Nígbà tí ìgbóná wọ̀lú, dókítà Zabdiel Boylston gbìyànjú rẹ̀ lára nǹkan bí 240 èèyàn. 6 nínú wọn kú. Nínú àwọn tí ìgbóná mú láìsín gbẹ́rẹ́, nǹkan bí 14 nínú 100 ló kú. Ìṣirò yìí ló pa ẹnu àwọn alátakò mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnìkan ti ju bọ́ǹbù wọ ilé Mather. Ní ti Onesimus, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí nínú ìwé kankan.

Ṣé yíyọ tí dókítà John Snow ní kí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi ló dá kọ́lẹ́rà dúró ní London?

Rárá. Snow gan-an kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1854 ni kọ́lẹ́rà bú jáde láyìíká Broad Street ní Soho. Èrò ayé ìgbà náà ni pé òórùn burúkú inú afẹ́fẹ́ ló ń fà á. Snow ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, ó ń béèrè ibi tí ẹni tó kú ti ń ponmi, ẹ̀rọ omi Broad Street sì ni ọ̀pọ̀ ń dárúkọ. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti sá kúrò ládùúgbò, àrùn náà sì ti ń rọlẹ̀. Ó lé ní 600 èèyàn tó bá a lọ.

Ohun tó lágbára nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn tí kò yẹ kó kú tó kú, àti àwọn tó yẹ kó kú tí kò kú. Ilé ìpọntí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Kò sí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kankan tó kú, nítorí ọtí ni wọ́n ń mu, wọ́n sì ní kànga tiwọn. Ìyá opó kan sì wà ní Hampstead, ọ̀nà jíjìn, tí kò wá sí Soho láti ìgbà pípẹ́. Kọ́lẹ́rà pa á. Nígbà tí Snow béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní omi Broad Street máa ń dùn mọ́ ìyá àwọn lẹ́nu, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ìgò gbé e lọ fún un.

Àmọ́ ẹ̀rí tí mo gbà pé ó ga jù kì í ṣe ti Soho. Ilé-iṣẹ́ omi méjì ló ń ta omi ládùúgbò kan náà ní gúúsù London. Southwark and Vauxhall ń fa omi Thames níbi tí ìdọ̀tí ìlú ń dà sí. Lambeth ti kó lọ sókè odò. Ilé méjì tó fara kan ara wọn lè máa mu omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìmọ̀. Snow kà á: nínú 10,000 ilé tó ń mu ti àkọ́kọ́, èèyàn 315 kú, ti Lambeth, 37. Ó kú lọ́dún 1858 kí ayé tó gbà á gbọ́. Lọ́dún 1854 yẹn kan náà, Filippo Pacini rí kòkòrò kọ́lẹ́rà ní Florence, kò sì sẹ́ni tó kà á sí.

Kí ló dé tí àwọn dókítà kò gba ti ẹlẹgbẹ́ wọn, Semmelweis, gbọ́, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ fífọ̀ lásán ló ní kí wọ́n ṣe?

Wọ̀ọ́dù ìgbẹ̀bí méjì ló wà ní ilé ìwòsàn ńlá Vienna. Dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gbẹ̀bí ní ọ̀kan. Àwọn agbẹ̀bí ló wà ní èkejì. Lọ́dún 1846, ó lé ní 11 nínú 100 ìyá ọlọ́mọ tó kú ní wọ̀ọ́dù àwọn dókítà. Ti àwọn agbẹ̀bí kò tó 3. Àwọn obìnrin ìlú mọ̀. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe gbé àwọn sí ti àkọ́kọ́.

Lọ́dún 1847, ọ̀bẹ gé Jakob Kolletschka, ọ̀rẹ́ Ignaz Semmelweis, lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń la òkú. Ó kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ara òun náà wò, ohun tó ń pa àwọn ìyá ọlọ́mọ náà ló bá a. Ó wá yé Semmelweis: láti ìdí òkú ni àwọn dókítà ti ń bọ̀ wá fi ọwọ́ kan náà gbẹ̀bí. Ó ní kí wọ́n máa fi omi kílórínì fọ ọwọ́. Ní oṣù Kẹrin, ìyá 18 nínú 100 ló kú. Nígbà tó fi di oṣù Keje, díẹ̀ ló fi lé ní 1.

Ìdí tí wọ́n fi kọ̀ pọ̀. Ẹni tó bá gbà pé òótọ́ ni, ó ti gbà nìyẹn pé ọwọ́ òun ló pa gbogbo àwọn tó kú lọ́wọ́ òun. Kò tíì sí ìmọ̀ kòkòrò tó máa ṣàlàyé rẹ̀. Semmelweis fúnra rẹ̀ sì dá kún un: ọdún 1861 ló tó kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀, ó wá ń pe àwọn tí kò gbà ní apààyàn. Ilé àwọn ọlọ́pọlọ dídàrú ló kú sí lọ́dún 1865, ẹni ọdún 47. Èmi kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí bí ẹni pé olóye kan ṣoṣo ló wà láàárín òmùgọ̀. Òótọ́ lọ́tọ̀, kí èèyàn gbà á lọ́tọ̀, èkejì náà sì jẹ́ iṣẹ́ gidi.

Nọ́ọ̀sì ni Florence Nightingale. Kí ló kàn án nínú ìwádìí?

Àtùpà ọwọ́ rẹ̀ ni ayé mọ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò ni iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù. Lẹ́yìn ogun Crimea, ó ya àwòrán olóbìírí kan tó fi hàn pé àrùn tí ìdọ̀tí ń fà pa sójà ju ìbọn lọ. Àwọn aláṣẹ tí kò ráyè ka ìwé ló ya àwòrán náà fún. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ìlú London.

Ṣé kòkòrò ló ń fa gbogbo àrùn?

Rárá, ẹni tó fi ara rẹ̀ jẹ́rìí èyí ni dókítà Joseph Goldberger. Àrùn pellagra ń bó awọ èèyàn, ó ń da inú rú, ó ń mú iyè wọn rá, títí á fi pa wọ́n, ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1914 ni ìjọba rán Goldberger lọ wò ó. Ó ṣàkíyèsí pé nínú ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú wèrè àti ọmọ aláìlóbìí, aláìsàn nìkan ló ń ní in, òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ kàn wọ́n lójoojúmọ́ kì í ní in. Kòkòrò wo ló mọ ẹni tó ń gbowó oṣù yàtọ̀?

Ó ní oúnjẹ ni. Wọn ò gbà. Ní ọdún 1916, òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sára. Àwọn ọkùnrin inú wọn tún di èépá ara, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ àwọn aláìsàn sínú hóró oògùn, wọ́n gbé e mì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ní pellagra. Ọdún 1937 ni Conrad Elvehjem tó mọ èròjà oúnjẹ tí kò sí lára wọn, fítámì tí à ń pè ní niacin. Goldberger ti kú nígbà yẹn.

Báwo ni ìgbóná ṣe tán láyé?

Èrò àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n gún ó kéré tán 80 nínú 100 gbogbo aráàlú lábẹ́rẹ́. Ní ìparí ọdún 1966, abẹ́rẹ́ kò tó lọ́wọ́ dókítà William Foege ní agbègbè Ogoja, ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ó lo rédíò àwọn míṣọ́nnárì láti béèrè abúlé tí ìgbóná wà. Ibẹ̀ àti àyíká rẹ̀ nìkan ló gún lábẹ́rẹ́, pẹ̀lú ibi tí àwọn ará ibẹ̀ ń ná ọjà sí. Bí ẹní gbẹ́ kòtò yí iná ká. Àrùn náà tán níbẹ̀ nígbà tí èèyàn tó gba abẹ́rẹ́ kò tíì tó ìdajì, ọgbọ́n yìí ni wọ́n sì wá mú káàkiri.

Ẹni tó kó o kẹ́yìn láti ara èèyàn láàárín ìlú ni Ali Maow Maalin, alásè ilé ìwòsàn ní Merca, Sòmálíà, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1977. Ara rẹ̀ yá. Ó padà di ẹni tó ń rọ àwọn òbí láti gba àjẹsára rọpárọsẹ̀ fọ́mọ wọn. Ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìgbóná ti tán.

Kí ni àwọn ìpele tí oògùn tuntun ń gbà kọjá?

Lẹ́yìn yàrá ìwádìí àti ẹranko, ìpele kìíní jẹ́ lára èèyàn mélòó kan, láti mọ̀ bóyá ó léwu. Ìpele kejì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, láti mọ ìwọ̀n tó yẹ. Ìpele kẹta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ ju ohun tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìpele kẹrin ni ìṣọ́ tí kì í tán lẹ́yìn tó bá ti dé ọjà, nítorí ewu tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan nínú 50,000 kò lè hàn lára 3,000 èèyàn.

Kí ló dé tí àṣẹ oògùn fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí thalidomide. Oògùn oorun ni, wọ́n sì ń fún aláboyún tí èébì ń dà láàmú. Lọ́dún 1960, Frances Kelsey ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yẹ oògùn wò ní Amẹ́ríkà nígbà tí ìwé rẹ̀ dé orí tábìlì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ń pè é léraléra pé kó tètè fọwọ́ sí i. Ó ní ẹ̀rí wọn kò tó. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi parí, ọmọ tó lé ní 10,000 ni wọ́n bí káàkiri ayé tí oògùn náà ti ṣe lọ́ṣẹ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kò pé. Ọdún 1962 ni òfin Amẹ́ríkà ní dandan kí oògùn fi ẹ̀rí hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ kó tó gba àṣẹ.

Wọ́n ń fún àwọn kan ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ṣé kì í ṣe ìkà nìyẹn?

Ìbéèrè tó yẹ ni. Ẹ jẹ́ ká pè é ní oògùn òfìfo: ó jọ ti gidi, àmọ́ ìyẹ̀fun lásán ni. Ìdí tó fi wà ni pé ọ̀pọ̀ àìsàn máa ń lọ fúnra rẹ̀, ìrètí nìkan sì lè mú ara fúyẹ́. Bí kò bá sí àwọn tí a ó fi wé, gbogbo oògùn ló máa dà bíi pé ó ń wò.

Lọ́dún 1948 ni àbájáde ìdánwò streptomycin fún ikọ́ ẹ̀gbẹ jáde ní Bìrìtìkó. Oògùn náà kò tó gbogbo aláìsàn, wọ́n bá ṣẹ́ kèké. Èèyàn 55 gbà á. 52 ní ìsinmi lórí ibùsùn nìkan, bí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, 4 kú nínú àwọn àkọ́kọ́, 14 kú nínú àwọn kejì. Kèké ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dájú, nítorí dókítà kankan kò lè yan ẹni tó wù ú.

Má sì rò pé àwọn tó gba òfìfo ló máa ń pàdánù. Nígbà kan, àwọn dókítà ń fún ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ìkọlù ọkàn ní oògùn tó ń tú ìlùkìkì ọkàn tó ń ṣe ségesège ṣe. Ọgbọ́n orí gbà á, ẹ̀rọ tó ń ya ìlùkìkì náà gbà á. Lọ́dún 1989, wọ́n ní láti dá ìdánwò kan dúró: àwọn tó ń lo oògùn gidi ń kú ju àwọn tó ń lo òfìfo lọ. Níbi tí oògùn tó dájú bá ti wà fún àrùn tó lè pani, ìlànà tòde òní ni pé òun ni kí wọ́n fi wé, kì í ṣe òfìfo.

Ṣé ìwádìí òde òní ka ewé àti egbò sí?

Oògùn ibà tó gbajúmọ̀ jù lónìí, artemisinin, inú ewé ló ti wá. Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà ń tú ìwé ìṣègùn àtijọ́ wò. Ewé qinghao ń ṣiṣẹ́ lónìí, kò ṣiṣẹ́ lọ́la. Ó wá padà sí ìwé kan tí Ge Hong kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, ó rí i pé ìwé náà ní kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu ún. Kò ní kí wọ́n sè é. Iná ló ń ba oògùn náà jẹ́! Ó fi éétà, tí kì í gbóná púpọ̀ kó tó hó, yọ oje rẹ̀ lọ́dún 1971, ó sì pa gbogbo kòkòrò ibà lára eku. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mu ún. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́dún 2015.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó wáyé láàárín ìwé Ge Hong àti hóró oògùn: wọ́n yọ èròjà náà sọ́tọ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dán an wò. Ẹni tó ń se ewé náà mu kò lè mọ ìwọ̀n tó wọ̀ ọ́ lára, ìwọ̀n tó kéré sì ń kọ́ kòkòrò ibà bó ṣe máa là á já.

Abẹ́rẹ́ COVID kò ha yá jù?

Abẹ́rẹ́ náà yá, ìmọ̀ rẹ̀ kò yá. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Katalin Karikó ti ń bá mRNA, èròjà tí wọ́n fi ṣe díẹ̀ nínú àwọn abẹ́rẹ́ náà, jà láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fún un lówó ìwádìí; wọ́n tilẹ̀ rẹ ipò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1995. mRNA jẹ́ ìwé tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti mọ ohun tí yóò ṣe, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gún un sára, ara ń gbógun tì í. Òun àti Drew Weissman fi hàn lọ́dún 2005 pé bí a bá pààrọ̀ ọ̀kan nínú lẹ́tà rẹ̀, ara á gbà á. Ọdún 2023 ni wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel.

Ohun tó yára lọ́dún 2020 ni owó, àti pé wọ́n ń ṣe àwọn ìpele pọ̀ dípò kí wọ́n tò wọ́n tẹ̀léra. Ìdánwò kan ní èèyàn tó lé ní 40,000 nínú. Ìpele kẹrin ló wá tú u fó pé ó lè mú ọkàn àwọn ọ̀dọ́kùnrin díẹ̀ wú, ohun tí kò hàn tẹ́lẹ̀. Bó ṣe yẹ kí ìpele kẹrin ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti fi èèyàn ṣe ìdánwò láìjẹ́ kó mọ̀?

Òótọ́ ni. Láti 1932 dé 1972, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣọ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 600 ní Tuskegee, ìpínlẹ̀ Alabama. 399 nínú wọn ní sífílísì. Wọ́n sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ wọn ló bàjẹ́. Nígbà tí pẹnisílíìnì di oògùn rẹ̀, wọn ò fún wọn. Peter Buxtun, òṣìṣẹ́ ìjọba náà, ló gbé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn oníròyìn. Ọdún 1997 ni Ààrẹ Clinton tọrọ àforíjì.

Ti Henrietta Lacks yàtọ̀ díẹ̀. Jẹjẹrẹ pa á lọ́dún 1951, ẹni ọdún 31. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú lára rẹ̀ láìgba àṣẹ kò kú; ó ń pọ̀ sí i títí dòní nínú yàrá ìwádìí káàkiri ayé. Wọ́n fi dán àjẹsára rọpárọsẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ẹbí rẹ̀ tó gbọ́.

Bí wọ́n bá ti purọ́ rí, kí ló máa jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́?

Ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nítorí ojú rẹ̀. Ẹ béèrè pé mélòó ni wọ́n kà, kí ni wọ́n fi wé, ta sì ló tún un ṣe. Lọ́dún 1998, Andrew Wakefield kọ̀wé lórí ọmọ 12 péré, ó ní ó ṣeé ṣe kí àjẹsára èéyi ní nǹkan ṣe pẹ̀lú autism, ìpèníjà tó ń mú kí ọpọlọ ọmọ dàgbà lọ́nà ọ̀tọ̀. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ náà ní mọ̀dàrú, ìwé ìròyìn tó gbé e yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2010, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ dókítà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwádìí kan ní Denmark lọ́dún 2019 ka ọmọ tó lé ní 650,000. Kò rí ohun tó pa méjèèjì pọ̀.

Ṣé wọ́n á gba Jenner láàyè lónìí?

Kò ní ṣeé ṣe. Òfin Nuremberg ti 1947, lẹ́yìn ìwà ìkà àwọn dókítà Násì, ló sọ pé dandan ni kí ẹni tí a ó lò gbà tinútinú. Ìkéde Helsinki ti 1964 tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún 8 kò lè gbà fúnra rẹ̀, kò sì sí ìgbìmọ̀ tó máa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi ìgbóná sára rẹ̀ nítorí ohun tí àwọn tó ń fún wàrà ń sọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyẹn ló gba ẹ̀mí tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán là. Mi ò ní ìdáhùn tó pa méjèèjì rẹ́. Jenner fún James Phipps nílé kan láti máa gbé nígbà tó dàgbà, láìgba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní kí n kópa nínú ìwádìí. Kí ni kí n béèrè?

Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí yín, iye ìgbà, àti ewu tí wọ́n ti mọ̀. Ẹ béèrè ìtọ́jú tí ẹ máa gbà bí ẹ kò bá kópa. Ẹ béèrè ẹni tó máa sanwó bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i, àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ yín ṣe lẹ́yìn ìwádìí. Ẹ lè kúrò nígbàkigbà, láìsọ ìdí. Ẹ gbé ìwé náà lọ sílé kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tiyín. Bí wọ́n bá ní kò sáyè fún ìyẹn, ẹ ti rí ìdáhùn.